Ìyàwó La Ẹnu, Dókítà Dijú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì yára mú ẹni tí ẹ máa bínú sí nínú ìtàn yìí. Ẹni tí ó gbé ọwọ́ sókè wà níbẹ̀, kò sì fara pa mọ́. Àmọ́ òun nìkan kọ́ ni ó ṣe obìnrin yìí léṣe.

Dúdú ni wọ́n ń pè é nílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ kò tètè rí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí ó ní kí ó bá òun mú wá, Dúdú sì fún un ní ẹ̀ṣẹ́ kan péré. Eyín méjì kúrò lẹ́nu obìnrin náà, lápá òsì nísàlẹ̀. Ọ̀kan já sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ìkejì, ó gbé e mì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Dúdú obìnrin, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, dókítà eyín ni. Dókítà ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan ìyá tí ó bí i. Àwọn méjèèjì nìkan ni Màámi bí. Nígbà tí bàbá wọn kú, Dúdú ni ó pa ẹ̀kọ́ tì, tí ó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè kàwé dé òpin. Nígbàkigbà tí Dókítà bá ti fẹ́ bá Dúdú wí, Màámi á rán an létí ọ̀rọ̀ táyà yìí, Dókítà á sì panu mọ́.

Nígbà tí erìgì ìyàwó san tán, Dúdú fúnra rẹ̀ ni ó gbé e wá sí ilé ìtọ́jú eyín tí Dókítà ti ń ṣiṣẹ́.

“Ó yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀ ni,” Dúdú wí, kí ẹnikẹ́ni tó bi í. “Ẹ bá mi tún ẹnu ẹ̀ ṣe, Ẹ̀gbọ́n. Ó ti wá dà bí ìyá àgbà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ní ilé ìtọ́jú yìí, wọn kì í fi ojú lásán wo egungun. Ìyàwó dúró, ó gbé àgbọ̀n lé ike kékeré kan, ẹ̀rọ ńlá kan yí orí rẹ̀ po láìfọwọ́ kàn án, ó sì ya gbogbo egungun ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Dókítà ki kámẹ́rà kan tí kò tóbi ju búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ sí i lẹ́nu. Bí ó ṣe ń gbé e kọjá lórí eyín ni àwòrán ẹnu náà ń hù jáde lórí kọ̀ǹpútà, eyín, erìgì àti àlàfo. Kọ̀ǹpútà pa àwòrán egungun àti àwòrán eyín pọ̀ di ọ̀kan. Ó ṣeé yí sọ́tùn-ún, ó ṣeé yí sósì, ó ṣeé là sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé búrẹ́dì.

“Ṣé ẹ rí gbogbo ẹ̀ báyìí, Àǹtí?” Ìyàwó bi í.

“Gbogbo ẹ̀. Kámẹ́rà yìí kì í fi nǹkan kan pa mọ́.”

Níbẹ̀ ni Dókítà ti rí ìlà tín-ín-rín kan lára egungun àgbọ̀n, lábẹ́ àlàfo eyín náà. Egungun ibẹ̀ ti sán rí, ó sì ti jinná. Ẹni tí ó bá yọ̀ ṣubú sábà máa ń fi iwájú àgbọ̀n gbálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì ni ìlà yìí wà, ọwọ́ ọ̀tún sì ni Dúdú ń lò. Dókítà kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyàwó, ṣé inú balùwẹ̀ náà ni lóòótọ́?”

Ìyàwó bojú wo ilẹ̀kùn onígíláàsì. Òjìji Dúdú ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀.”

Láti ibi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ Màámi ni Dókítà gbà lọ tààrà. Ó bá ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń ká aṣọ.

“Màámi, Dúdú ń lu ìyàwó ẹ̀.”

Màámi kò dá aṣọ kíká dúró. “Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀?”

“Ó ti wá sunkún níwájú mi. Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Kí lo wá fẹ́ ká ṣe? Ká fi ọlọ́pàá mú un? Ọwọ́ tó fi lẹ táyà kó o tó di Dókítà, ọwọ́ yẹn lo fẹ́ kí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí?” Ó gbé aṣọ tí ó ká kalẹ̀. “Tún ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ṣe dáadáa. Tẹ́nu ẹ̀ bá ti dára, ọ̀rọ̀ náà tán.”

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbọ́ kì í pẹ́ wọ̀ wá létí. Dókítà padà sílé pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́, ó ní òun á tún un ṣe débi pé kò ní sẹ́ni tí á mọ̀.

Ilé ìtọ́jú náà ní òfin kan. Gbogbo àwòrán egungun gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá kí ẹnikẹ́ni tó gbé dírìlì, irin tí wọ́n fi ń lu egungun. Ọ̀gá yìí ni ó dá ilé ìtọ́jú náà sílẹ̀, arúgbó tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ó fi ìka kan ìlà tín-ín-rín náà.

“Kí lèyí?”

“Ó ṣubú nígbà tó wà lọ́mọdé, sà,” Dókítà fèsì. Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, ó sì ya òun alára lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ ká fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ó mọ iṣẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ó mú gbòǹgbò irin méjì, ó gbìn wọ́n sínú egungun àgbọ̀n náà, ó ń sún wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má bàa kan iṣan tí ó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ètè. Ó gbé eyín tuntun lé wọn lórí. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan tí ó ń fi ike tẹ nǹkan jáde, ẹ̀rọ náà sì tẹ atọ́nà kan fún un. Ike gbọọrọ tí ń jókòó sórí eyín ni atọ́nà yìí, ó ní ihò méjì. Inú ihò náà ni dírìlì ń gbà, kò sì ní lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Tí atọ́nà bá gún régé, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn.

Dókítà tún ṣe nǹkan kan tí kò sẹ́ni tí ó rán an. Ó fi kọ̀ǹpútà gbé eyín tuntun náà sínú fọ́tò ojú Ìyàwó, ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀.

Ìyàwó pè é padà. “Èmi nìyí, Àǹtí?”

“Ìwọ ni.”

“Ẹ ṣé. Mo ti gbàgbé pé mo máa ń rí báyìí.”

Fọ́tò yìí ni Dúdú bá lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ eyín náà. Ó bá a níwájú dígí, ó ń wo fọ́tò, ó ń wo dígí, ó ń fi ẹnu tí kò tíì ní eyín kọ́ ẹ̀rín.

“Ta lo fẹ́ máa rẹ́rìn-ín sí?” Dúdú bi í.

Kò dúró gba èsì. Ó kó irun obìnrin náà jọ sọ́wọ́ kan, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ gbá etí agbada ìfọwọ́. Ó tún gbá a. Agbada náà sán. Ìgbà kẹta, nǹkan dún nínú orí Ìyàwó bí igi gbígbẹ tí ó ṣẹ́, Dúdú sì jọ̀wọ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Òun ni ó lọ wá omi tútù. Òun náà ni ó ra àtíkè.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, Ìyàwó wọlé pẹ̀lú àtíkè tí ó nípọn lójú. Ó gbé báàgì kan dání, ó tì í sábẹ́ àga. Nígbà tí Dókítà ní kí ó la ẹnu, ó la á díẹ̀, omi sì dà lójú rẹ̀.

“Má bẹ̀rù. Abẹ́rẹ́ máa pa ìrora ẹ̀.”

“Mi ò bẹ̀rù abẹ́rẹ́, Àǹtí.”

Ó tún la ẹnu sí i, ó ń wo Dókítà tààrà lójú, kò ṣẹ́jú.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́, Dókítà gbé atọ́nà náà lé e léyín. Kò gún. Ó gbà lápá ọ̀tún, ó kọ̀ lápá òsì, ó ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Dókítà yọ ọ́, ó fọ̀ ọ́, ó tún gbé e lé e. Kò gún.

Nọ́ọ̀sì tí ó ń ràn án lọ́wọ́ na kámẹ́rà kékeré sí i. Dókítà tún ya ẹnu náà, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà tẹ́ àwòrán tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ibi tí méjèèjì bá ti bára mu, àwọ̀ ewé. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, pupa.

Gbogbo apá òsì pọ́n. Eyín tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo ti tẹ̀ wọnú. Erìgì ibẹ̀ wú. Eyín ẹni tí ó dàgbà kì í dédé rìn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Dókítà yíjú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó wo ojú Ìyàwó, ó wo ibi tí àtíkè ti ń ṣí lára awọ tí ó dúdú bí ewé kókò tí ó rà. Ìyàwó ṣì la ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró.

“Dókítà,” nọ́ọ̀sì wí, “ẹ jẹ́ ká tún ya egungun ẹ̀. Atọ́nà yìí ti di ti ẹnu àná.”

Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan mọ̀ ọ́n. Àmọ́ tí wọ́n bá ya egungun, á dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá. Tí ó bá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, kò sí irọ́ ìgbà ọmọdé tí á bò ó. Ọlọ́pàá á dé ọ̀rọ̀ náà. Dókítà ń gbọ́ ohùn Màámi bí ẹni pé ó dúró sẹ́yìn òun.

“Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ló gbòdì,” ó wí. “Ó tẹ̀ ẹ́ wọ́.”

“Ẹ̀rọ wa kì í...”

“Mo ní ẹ̀rọ ló gbòdì.”

Ó lọ fọ ọwọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun. Ó mú irin ìrẹ́, ó ń rẹ́ inú atọ́nà náà lápá òsì, ó ń dán an wò, ó ń rẹ́ ẹ, títí ó fi fi agídí jókòó. Ó ní kí nọ́ọ̀sì sún iná mọ́ ọn, kí òun lè ríran dáadáa. Ó sì gbé dírìlì.

Egungun tí ó ti sán kì í gba dírìlì bí egungun tí ó pé. Ó mì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Atọ́nà náà dagun díẹ̀, kò tó ohun tí ojú ń rí, irin náà sì rì ju ibi tí ó yẹ lọ. Láìka abẹ́rẹ́ sí, Ìyàwó fò sókè nínú àga, igbe kan jáde lọ́fun rẹ̀ tí kò dà bí ohùn ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ kún ihò náà. Dókítà tún fún un lábẹ́rẹ́, ó parí iṣẹ́, ó rán ojú ọgbẹ́ náà. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ pọ́n dé ọrùn ọwọ́.

Abẹ́rẹ́ yẹ kí ó kúrò lára kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò kúrò. Ètè Ìyàwó lápá òsì kú, ó sì kú síbẹ̀. Ó ń mu omi, omi ń dà sí i láyà. Ó ń jẹun, ó ń gé ara rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi mọ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ wú títí ojú òsì fi pa dé.

Dúdú gbé e lọ sílé ìwòsàn mìíràn. Dókítà ibẹ̀ ní egungun àgbọ̀n rẹ̀ ti fọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí Dúdú wá ṣe? Ó kó ìyàwó rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ sínú mọ́tò, ó di ilé ìtọ́jú eyín, ó ń pariwo láti ẹnu géètì.

“Ẹ̀gbọ́n mi ti fi dírìlì fọ́ ìyàwó mi lágbọ̀n. Ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn wọlé síbí, ẹ wá wo bí wọ́n ṣe dá a padà fún mi.”

Nínú ọ́fíìsì Ọ̀gá, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ojú rẹ̀ kò yẹ̀. Dókítà yíjú sí Màámi. Màámi rọra mi orí sí i, bí ẹni pé ó ń sọ pé, gbà á mọ́ra, ìwọ ni àgbà. Ìyàwó jókòó sáàárín wọn, ó fi áńkáṣíìfù tẹ́ ẹnu.

Ọ̀gá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mú Ìyàwó lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá, ó tún ya egungun rẹ̀, ó mú un padà sọ́fíìsì, ó sì tẹ́ àwòrán náà lé ti àkọ́kọ́ lójú gbogbo wọn.

“Ẹ wá wò ó,” ó sọ fún Dúdú. “Ihò dírìlì nìyí. Ibi tí egungun ti fọ́ nìyí, ó jìnnà sí i. Dírìlì kò dé ibí yìí. Ohun tó fọ́ egungun yìí, ìta ló ti wá, ó sì lágbára. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.” Ó yí àwòrán náà díẹ̀. “Èyí tàtijọ́ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Ta ló ń lu obìnrin yìí?”

Dúdú ń wo pupa tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà, iṣan ọrùn rẹ̀ ń le.

“Kí lo sọ fún wọn?” ó bi ìyàwó rẹ̀.

“Mi ò sọ nǹkan kan.”

Ó gbé kọ̀ǹpútà náà lódindi, ó là á mọ́ ògiri. Gíláàsì fọ́n sí Ọ̀gá níwájú orí. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ó ti di ọrùn ìyàwó rẹ̀ mú, ó gbé e kúrò lórí àga, ó ń gbá ẹ̀yìn orí rẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. “Kí lo sọ? Kí lo sọ?” Màámi sáré sí i, Dúdú fi ìgbùnwọ́ gbá ìyá rẹ̀ dànù. Dókítà kó sáàárín wọn. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó bà á ní imú mú kí ilé yí i lójú, ó sì tọ́ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ó fọwọ́ tá ilẹ̀, ó kan àga onírin kékeré tí Ọ̀gá máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ó gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó sọ̀ ọ́ mọ́ apá ọ̀tún àbúrò rẹ̀ tí ó di ọrùn náà mú. Egungun ró. Dúdú kígbe, ó jọ̀wọ́ obìnrin náà, Dókítà sì tún lù ú, ó tún lù ú, ní ibì kan náà, títí nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì fi já àga gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Màámi wà nílẹ̀, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ méjèèjì, kò mọ èyí tí òun ń bẹ̀.

Ọ̀gá pe ọlọ́pàá, wọ́n sì mú Dúdú lọ. Òògùn apàrora ni wọ́n fún un kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀. Ní báyìí, Dókítà rò pé òun ti san gbèsè ohun tí òun ṣe. Ó dúró sínú gíláàsì fífọ́, imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀.

Ọ̀gá tan kọ̀ǹpútà mìíràn. Nọ́ọ̀sì ti di ojú ọgbẹ́ iwájú orí rẹ̀.

“Ó ku ọ̀kan,” ó wí. “Kámẹ́rà kékeré. O tún fi ya ẹnu ẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́. Ẹ̀rọ kọ àsìkò sí i, kò tíì sí ihò nínú egungun nígbà yẹn. Gbogbo apá òsì pọ́n.” Ó yíjú sí Dókítà. “O rí i kó o tó gbé dírìlì.”

Ìyàwó wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de ọkọ̀ tí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó gbọ́.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” Dókítà wí. “Mo rí i.”

“Bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ.”

Ó bọ́ ọ. Ó rìn lọ bá Ìyàwó, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Ẹkún kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní kí ó dárí ji òun. Ó ní ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ni. Ó ní òun rò pé tí ẹnu bá ti dára, á tán.

Ìyàwó jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí àgbọ̀n rẹ̀ kò gbà á.

“Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ yẹn, nínú mọ́tò, ó ní tí n bá la ẹnu sọ̀rọ̀, òun máa pa mí. Mo ní mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé mi ò nílò ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kámẹ́rà yẹn kì í fi nǹkan pa mọ́. Mo ní tí mo bá ti la ẹnu fún Àǹtí, wọ́n á rí i, ó parí, mi ò ní padà sílé yẹn mọ́. Aṣọ mi ló wà nínú báàgì tó wà lábẹ́ àga. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ẹ̀ ń lu egungun mi.”

“Ìyàwó, jọ̀ọ́.”

“Dúdú, tínú bá ti bí i, ojú ẹ̀ ti fọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin, inú ò bí yín, Àǹtí. Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ní kí wọ́n sún iná mọ́ mi kí ẹ lè ríran.”

Itọ́ ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ètè rẹ̀ bí ó ti ń sọ ọ́, kò sì mọ̀. Dókítà na ọwọ́ láti bá a nù ún. Ìyàwó gbé ojú kúrò, ó sì ní kí wọ́n bá òun pe nọ́ọ̀sì.